Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Mọ Orúkọ Gbogbo Ohun Tó Wà Nínú Orin

Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín: ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò tó nǹkan kan lójú mi. Akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ilé rẹ̀, ọ̀gá orin lẹ máa bá níbẹ̀. Pátákó dúdú ló kàn mọ́ ògiri pálọ̀, níbi táwọn èèyàn gidi ń gbé fọ́tò ọmọ wọn kọ́ sí. Aago onípákó kan wà lórí tábìlì tó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Kì í sọ àsìkò fún ẹnikẹ́ni, ìyára orin ló fi ń wọ̀n. Wọn kì í sì í kọrin nínú ilé náà o. Ó kàn ń dún, kó, kó, kó, a sì ń jẹun sí i.

Ẹgbẹ́ akọrin kan ló lé e nígbà èwe rẹ̀, torí ohùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kàkà kó gba kádàrá, ó ra ìwé, ó há a sórí: ìlù, ìyẹn kó-kó-kó tí wọ́n ń kà nínú orin, ni ìpìlẹ̀, kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tó bára mu, gíga ohùn yàtọ̀ sí ariwo. Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó náà ń yọjú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló wá fi jẹyà. Ọmọ náà fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin, ọdún yìí sì ni ọjọ́ orí rẹ̀ gbà á mọ. Bó bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni bàbá fi kọ́ ọ. Tó bá ti lanu pé òun fẹ́ kọrin, bàbá á gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. Ìlù mélòó ló wà nínú ìlà orin kan?"

"Mẹ́ta, Dádì."

"Kí ló dé tí ò fi jẹ́ mẹ́rin?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Padà sídìí ìwé ẹ. Orin ò ní sá lọ."

Lọ́jọ́ kan, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí kọrin."

"Ṣebí aránṣọ ni ẹ́," ó ní. "Ṣé o máa ń gé aṣọ kó o tó wọn èèyàn ni?"

Ìbínú ló pa mí lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti bàbá ọmọ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ò sé dáadáa, a ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Obìnrin tó ń dán an wò tẹ dùùrù, ọmọ dárúkọ ohùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọmọ tún dárúkọ. Kò ṣi ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ń mi orí, ó ń wú bíi búrẹ́dì.

"O káre," obìnrin náà ní. "Ó ku èyí tó kẹ́yìn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kọ orin kan fún wa, èyí tó bá ṣáà ti wù ẹ́."

A ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fi ìka ka ìlù lórí orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣó o gbọ́ bó ṣe dánu dúró yẹn?" ó sọ sí mi létí. "Ibi ìsinmi nìyẹn, kí orin tó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á pé. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó ka mẹ́rin. Ó ka mẹ́jọ. Ó ti ka mọ́kàndínlógún kí ọmọ rẹ̀ tó fọhùn.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mi ò mọ orin kankan."