Irun Wínníwínní Inú Etí Fàúsátù

Ní ọdún 2006 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Fàúsátù ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ẹ̀wà àti àgbàdo fún àwọn ará Ìbàfò. Ọmọ Ẹdẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kó tà á, ó ní òun kò tà. Ó dúró tì í nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan tí ariwo kò rí ọ̀nà jáde níbẹ̀, ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Awo irin méjì ló ń fojú kojú nínú ẹ̀rọ ìlọta. Bí àgbàdo bá wà láàárín wọn, ohùn wọn a rọ̀. Bí àgbàdo bá ń tán lọ, tí irin fẹ́ kan irin, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ohùn tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìbẹ̀rẹ̀ igbe yẹn ni Fàúsátù máa ń gbọ́ tí á fi da omi sí i, tàbí kó dẹ ìdè tó ń fún àwọn awo náà mọ́ra. Ẹni tí kò bá tètè gbọ́ ọ, irin á jẹ irin, lẹ́búlẹ́bú irin á sì bọ́ sínú ohun tó ń lọ̀.

Àlàájà Sàúdátù tó ń ta ògì ni àgbà oníbàárà rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gbé àgbàdo funfun rírẹ wá, ọdún kọkànlá rèé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọlé pẹ̀lú abọ́, ó gbé e síwájú Fàúsátù.

"Kí ni mo gbé fún ọ lọ́jọ́sí?"

"Àgbàdo funfun ni, Àlàájà."

"Kí lo wá gbé fún mi padà? Ògì ni àbí èlùbọ́? Ẹnì kan bi mí lánàá bóyá eérú ni mò ń pò mọ́ ọn."

Fàúsátù wo inú abọ́. Ògì náà ti dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní awo irin ló ti gbó. Ó ra tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà kò jókòó síta bó ti máa ń ṣe.

"Lónìí, mo máa dúró tì ọ́. Tó bá tún dúdú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ní òdìkejì títì ni màá máa gbé tèmi lọ o. Má bínú sí mi."

Fàúsátù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ibi tí Àlàájà bá ti lọ àgbàdo, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ológì yòókù ń lọ. Bí wọ́n bá lọ, ata nìkan kò lè bọ́ ilé rẹ̀.

Ó tan ẹ̀rọ. Ó fún awo mọ́ra, ó da àgbàdo sí i, ó tẹ etí ọ̀tún sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ bó ti ń ṣe láti bí oṣù méjì. Nǹkan ń lọ dáadáa lójú tirẹ̀. Àfi bí Àlàájà ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di etí, tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a léjìká.

"Pa á! Pa á!"

Ó pa á. "Kí ló dé, Àlàájà?"

"Kí ló dé kẹ̀? O ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Kí ló ń ké?"

Àlàájà wò ó títí. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀. "Fàúsá," ó rọra sọ ọ́, "ẹ̀rọ kọ́. Etí rẹ ni."

Àṣìṣe Fàúsátù nìyẹn. Nígbà tí kò gbọ́ igbe irin mọ́, ó rò pé awo ló jìnnà síra, ó wá ń fún wọn mọ́ra sí i. Ó sì ń tẹ etí tó ń ṣàìsàn sún mọ́ ohun tó ń pa á gan-an.

Àwọn ará ọjà ní kó kán àdí gbígbóná sí etí. Ó kán an fún ọjọ́ márùn-ún, àdí kò ṣe nǹkan kan. Àlàájà ló mú un lọ sí Ṣàgámù, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ dókítà etí, Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀.

Wọ́n fi í sínú yàrá kótópó kan, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti gbọ́ ohùn. Ó gbọ́ àwọn tó nípọn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó yá, ó kan gíláàsì fèrèsé yàrá náà: "Ẹ jọ̀ọ́, iná yín ti lọ."

"Iná ò lọ, Mà," ni dókítà wí.

Ó wá jókòó tì í, ó rọra ṣàlàyé. Ó ní ìlù etí rẹ̀ kò ní àléébù, inú lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó lọ́ pọ bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí tò síbẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní etí kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì hu irun wínníwínní. Bí ohùn bá wọlé, omi á mì, irun á tẹ̀, títẹ̀ yẹn ló ń di iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ọpọlọ.

"Kí ló dé tí mo ṣì ń gbọ́ ohùn tiyín?"

"Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín, Mà. Àwọn tó wà nínú pátápátá ń gbọ́ èyí tó nípọn. Ẹnu ọ̀nà sì ni gbogbo ariwo ń gbà kọjá."

Fàúsátù ní: "Ẹní onírun tí mo fi ń kírun nìyẹn. Irun rẹ̀ ṣì pé ní bèbè, ṣùgbọ́n ibi tí orúnkún mi ń kàn ti pá."

"Ó jọ ọ́ gan-an. Èyí tó kàn tẹ̀, bó bá sinmi, ó lè gbérí. Èyí tó ti kú kì í hù mọ́, a ò sì tíì ní oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́wọ́ yín pọ̀, Mà. Ẹ dáàbò bò ó."

"Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Etí ni mo mọ̀, Mà, mi ò mọ ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀yin lẹ máa wò ó bóyá ọ̀nà míì wà tẹ́ ẹ lè gbà ṣe é."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Àlàájà fẹnu sí i létí nínú mọ́tò: "FÀÚSÁ! Ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Àlàájà, ẹ rọra. Ẹ ṣàánú àwọn irun tó kù."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà. Ó fi ìbòtí tí dókítà fún un bo etí, ó ń da àgbàdo tirẹ̀ sí ẹ̀rọ, abọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ lára irin. Nígbà tí àgbàdo bá kún inú, ẹ̀rọ á máa mì wúwo, dé ìgbọ̀nwọ́. Bó bá ń tán lọ, mímì náà á yára, á fẹ́lẹ́, á máa ta á lórí ìka. Ìyẹn sì ń ṣáájú kí irin tó kan irin. Ó ṣe é tó ìgbà ogójì kó tó gbà á gbọ́. Ó wá fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí ìdè kò gbọdọ̀ yí kọjá mọ́ láé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Àlàájà gbé korobá kan wọlé, ó fi méjì sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọlọ́kadà rẹ̀ níta. Ó rí ìbòtí aláwọ̀ òféèfèé gbàǹgbà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ awakọ̀ òfuurufú yìí, ibo lò ń gbé wa lọ?"

Fàúsátù kò rẹ́rìn-ín. Ó da korobá àkọ́kọ́ sí i, ó gbé ọwọ́ lé irin, ó di ojú. Nígbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, ó da omi, ó dẹ ìdè, ó pa ẹ̀rọ.

Àlàájà bu díẹ̀ lára ohun tó lọ̀, ó fi kun etí ìborùn funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí àbàwọ́n kankan. Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ọlọ́kadà rẹ̀.

"Má tíì lọ. Gbé korobá méjì tó kù yẹn wọlé."

Fàúsátù ti ń bu omi kalẹ̀.