Ọkọ̀ Tí Kò Gun Òkè Iléṣà

Kí n tó ní ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi ń gbé kéèkì káàkiri Òṣogbo. Òkè-Fìà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Màá gbé kéèkì lé itan, màá ní kí oníkẹ̀kẹ́ jọ̀ọ́ rọra. Òun náà á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá." Kòtò àkọ́kọ́ tí a bá sì kó sí, ṣúgà orí kéèkì á ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà tí wọ́n gẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti di ọ̀gá nínú ká máa fi ọ̀bẹ tún kéèkì ṣe lẹ́nu géètì olóde.

Nígbà tí àwọn ará Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí mi, mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ò lè gbé e mọ́. Iléṣà nilé mi. Abúlé kan lẹ́yìn ìlú ni bàbá mi ti ń ṣọ̀gbìn obì àti kòkó títí dòní. Èmi àti ọkọ mi kó owó wa jọ, a sì lọ bá oníṣòwò ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun, ẹni tó to ọkọ̀ tòkunbọ̀ síwájú ọgbà rẹ̀, tí gbogbo wọn ń dán yinrin nínú oòrùn.

Ọkùnrin náà sanra, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo nawọ́ sí ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà kan, mo ní, "Kéèkì ni mo fẹ́ máa fi kó lọ sí Iléṣà. Ẹ̀yin náà mọ bí òkè ṣe pọ̀ lọ́nà yẹn." Ó ní kò séwu. Nígbà tí mo délé, ọkàn mi ò tíì balẹ̀, mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù, mo tún bi í léèrè. Ohùn tirẹ̀ náà dé kíákíá: "Màdámú, ẹ́ńjìnnì pé, jíà pé. Iléṣà kẹ̀? Ọkọ̀ yìí á gun Olúmọ!" Èmi àti ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sanwó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi wá sí Òṣogbo láti rí dókítà ojú. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ọjọ́ náà gan-an ni mo ní kéèkì ìgbéyàwó tí mo fẹ́ gbé lọ sí Iléṣà, alájà mẹ́ta. Mo tẹ́ aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé kéèkì lé e. Bàbá mi ní iwájú lòun máa jókòó. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tí a bá kọjá lára wọn, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ rí láyé.

Ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ọkọ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìgbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì figbe ta, ṣùgbọ́n táyà ò yí. Ọkọ̀ dúró díẹ̀ bíi pé ó ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn. Mo fi gbogbo ara tẹ búréèkì. Bàbá mi ò pariwo. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé òkúta ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ti táyà ẹ̀yìn.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ó ní. "Kò lè lọ síbì kankan mọ́."

"Bàbá, kéèkì ńkọ́?"

"Kéèkì ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ ni kò dáa."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó àpò kòkó ló gbà wá sílẹ̀. Bàbá mi gun orí àpò, wọ́n gbé kéèkì lé e lọ́wọ́, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun, èmi sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Báyìí la ṣe wọ Iléṣà. Kéèkì náà dé láìní àpá kankan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú kẹ̀kẹ́. Àwọn ẹbí ìyàwó rò pé bí a ṣe máa ń gbé kéèkì wọlé láti Òṣogbo nìyẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya bàbá mi ní fọ́tò.

Mẹkáníìkì tó bá wa fa ọkọ̀ padà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jíà ti jẹ tán, ó ti pẹ́, wọ́n kàn da ọ́ìlì kíki sí i kí ariwo rẹ̀ má baà jáde. Mo pe oníṣòwò náà. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

"Màdámú, tòkunbọ̀ ni o! Ẹ wo rìsíìtì yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n fi sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. Ọkọ mi ní ká da irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sí i, ká tà á fún ẹlòmíì. Bàbá mi, tó ti padà wá gba awò ojú tuntun, wò ó láti inú awò náà.

"Ta lẹ fẹ́ tà á fún? Ẹni yẹn ò ní bàbá tó máa jókòó níwájú ni?"

Bàbá mi wá sọ fún wa pé nígbà tí òun ń ta obì fún àwọn oníṣòwò tó ń wá láti òkè ọya, bí wọ́n bá dé ilé tí wọ́n sì bá kòkòrò nínú apẹ̀rẹ̀, òun máa ń fi òmíràn rọ́pò ni. "Mi ò kọ ọ́ sórí ìwé kankan," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọn ò yéé wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dìde. Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ní ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, èmi àti bàbá mi sì lọ síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n lọ mú lọ́yà wá. Obìnrin kan tó ń mu tíì ló dá wa lóhùn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní:

"Ohun tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì ò lè pa òfin rẹ́. Lóòótọ́, tòkunbọ̀ ni, ẹ ò lè ní kó dà bíi tuntun. Tí àga rẹ̀ bá ya, tí ara rẹ̀ bá ha, ẹ ti rí ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n ọjà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á. Tí kò bá lè ṣe é, kí ẹni tó tà á tún un ṣe, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó dá owó yín padà. Ṣé ẹ sọ fún un pé Iléṣà lẹ fẹ́ máa gbé e lọ?"

Mo yọ fóònù mi, mo tẹ ohùn náà. Nígbà tó dé ibi Olúmọ, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá obìnrin náà lórí, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń wúkọ́. Ó ní ká má tíì tún ọkọ̀ náà ṣe rárá, ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà kí gbogbo ojú lè rí i. Ó wá pe ọkùnrin náà sí ọ́fíìsì.

Oníṣòwò náà dé, ó ní a ò mọ ọkọ̀ wà ni. Bàbá mi ní, "Ó dáa. Ìwọ wá wà á." Obìnrin náà sọ pé ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Mẹkáníìkì bá wa gbé ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, oníṣòwò náà bọ́ sídìí rẹ̀, èmi àti bàbá mi jókòó sẹ́yìn. A ò tíì dé ìdajì òkè tí ẹ́ńjìnnì fi tún figbe ta. Mo wo ojú ọkùnrin náà nínú dígí, òógùn ti bò ó. Bàbá mi ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú òkúta.

"Oníṣòwò, ṣé Olúmọ nìyí?"

Ọkùnrin náà gbé orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á. Ẹ̀rín náà ràn mí, ó ran bàbá mi, gbogbo wa ń rín in lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà sì ń dín eré kù kí wọ́n lè wò wá.

Nígbà tí a padà sí ọ́fíìsì, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà, bí mo ṣe rà á nìyẹn."

"Ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún yín," obìnrin náà dá a lóhùn. "Ọwọ́ yín ni ìyá yìí ti rà á."

Ó ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ní òun ò ní gba ọkọ̀ kankan tí òun ò bá tíì fi gun òkè. Mẹkáníìkì wa yẹ ọkọ̀ dúdú kan wò láti bọ́néètì dé ìdí, lẹ́yìn náà la gbé e lọ, ó sì gun òkè náà wẹ́rẹ́. Bàbá mi ní ká yí padà, ká tún un gùn. A tún un gùn.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tí bàbá mi ò tíì sọ ìtàn yìí fún lábúlé, ó sì ń fi ẹnu ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì náà fún wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àgbẹ̀ kòkó bíi tirẹ̀, gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láìpẹ́ yìí, tuntun ni, kò fọn omi. "Wọ́n ní o mọ òfin," ó ní. Mo ní, "Bàbá, kéèkì ni mo mọ̀." Ṣùgbọ́n mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo gbé ẹ̀rọ náà sínú búùtù, a sì jọ lọ bá ẹni tó tà á fún un.