Ìwé Tí Mo Kà Nínú Fíìmù

Ẹrù ni mo ń gbé ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà náà, ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí. Ọ̀gá wa sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá mọ̀wé kà nínú wa ni òun máa fún ní bírò, kó máa kọ ẹrù sílẹ̀, kó yéé fi orí rù ú. Ẹnu mi ṣáájú làákàyè mi: "Ọ̀gá, èmi mọ̀wé." Ó ní òun máa fi ojú ara òun rí i kí òun tó fún mi.

Irọ́ funfun báláú. Ní kíláàsì àgbà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ní Olódi-Àpápá, ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú ìwé kan péré ni mo mọ̀, mo kàn há a sórí ni: "Bàbá ní ọkọ́. Ọkọ́ wà ní oko." Bí ẹ dorí ìwé náà kodò, n ó kà á geere.

Ìgbà náà ni àwọn onífíìmù dé. Wọ́n fẹ́ ya bí àgbàlagbà ṣe ń kọ́wé, kí wọ́n lè máa fi han àwọn kíláàsì mìíràn. Tísà wa, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà jáde, ní èmi ni n ó dìde ka ojú pátákó, torí ohùn mi ròkè.

Fọ́tò nìkan la mọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, aṣọ Kérésì ni yóò wọ̀, yóò gbọ́wọ́ lé orúnkún, kò sì ní mí. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo kíláàsì gan bíi pánlá.

"Ẹ mira! Ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe!" ni onífíìmù ń pariwo.

Ìyá oníkẹrosíìnì tó jókòó níwájú mi dá a lóhùn láìmi ètè: "Ṣé o ti yà á tán? Ọrùn ń dùn mí."

Èmi ti yá awò ojú lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kí n lè jọ ọ̀mọ̀wé. Mo gbé e wọ̀, tísà di méjì. Mo wo pátákó, ìdin funfun ni mo rí tó ń rìn. Mo bá ké e sókè: "Bàbá ní ọkọ́! Ọkọ́ wà ní oko!"

"Ọkọ́ wo?" ni ìyá náà wí. "Ewúrẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀!"

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Fúráìdé kan, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri kíláàsì, wọ́n fẹ́ fi fíìmù hàn. Tísà ti pe ọ̀gá mi wá. Mo sá lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, kó má bàa rí ojú mi bó bá gbọ́ "ọkọ́". Àṣé wọn ò gba ohùn wa rárá! Ọkùnrin kan tí kò dé Ajégúnlẹ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán: "Ẹ wo arákùnrin yìí bó ti ń kàwé geere." Èmi nìyẹn, tòun ti awò, tí ẹnu mi ń ṣí, tó ń pa dé. Irọ́ tiwọn àti tèmi pàdé lára ògiri, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn.

Ìyá oníkẹrosíìnì yíjú sí mi: "Ọ̀mọ̀wé, o kú ọkọ́ o."

Ọ̀gá gbá mi léjìká. "Mọ́ńdè, wá gba bírò."

Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà tísà. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ láti A."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kàwé nínú fíìmù ni?"

"Ẹni yẹn mọ̀wé," mo ní. "Èmi ni kò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí àwọn àpò tó wà nílẹ̀, kò yẹ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ó yìn mí níwájú gbogbo wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi parí àwọn àpò náà, kí n tó mọ̀wé kà débi tí mo lè gba bírò.