Ìbíwùnmí Aránṣọ àti Ọkùnrin Tó Mọ̀ Ọ́n Ṣubú

Bí ẹ bá dé Mówè tí ẹ bèèrè Ìbíwùnmí aránṣọ, wọn yóò mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń kó èrò. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni. Aṣọ iléèwé ló ń rán jù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, kì í pariwo, kì í jà. Ṣùgbọ́n láàrin àwa tí a fẹ́ràn ìjàkadì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní rẹ́súlìn, ojú rẹ̀ ni a máa ń wò kí a tó sọ pé ìjà kan dára tàbí kò dára.

Ọ̀dà ilé ni èmi ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwòran. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà ní Ẹbúté Mẹ́ta, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Bí ìjàkadì bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ ilé á máa hó fún ẹni tó gbé ẹnìkejì sókè. Bàbá Ìbíwùnmí kì í hó. Á na ìka sí ẹni tí wọ́n gbé, á ní, "Ìwọ wo ẹni tó wà lókè yẹn. Òun ló ń ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára ọmọ náà títí ó fi dàgbà, tó lọ́kọ, tó bímọ, tó sì kó kúrò ní Èkó wá sí Mówè.

Ní Ìbàfò tó wà nítòsí wa, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì kan wà tó ń jẹ́ Arógunyọ̀. Wọ́n sọ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan di gbọ̀ngàn, wọ́n ta okùn yí àárín rẹ̀ ká, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, àwa náà á sì péjọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù Àlàájì Ṣàràfá láti wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Bí a bá wò ó tán, ìdájọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìdájọ́ wa kò dùn ún gbọ́. Akóredé, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, dìde lọ́jọ́ kan.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ó ní. "Arógunyọ̀ ti bàjẹ́. Ìjà mẹ́fà la wò lónìí, ọ̀kan ò wọ̀ mí lára. Ẹni tó gba bẹ́líìtì lóṣù tó kọjá, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí fún wa. Jamilah tó mọ ìjà jù láàrin wọn, ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fún un!"

Àlàájì Ṣàràfá mi orí. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lágbára ni," ó ní.

Èmi ní tèmi sọ pé èéfín àti iná aláràbarà tí wọ́n ń tàn ló pọ̀ jù, kò jẹ́ kí a rí ìjà.

Ìbíwùnmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìwájú, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí gbogbo wa sọ tiwa tán.

"Kì í ṣe agbára, kì í sì í ṣe iná," ó ní. "Kò sí ẹni tó ń ṣubú mọ́ ni."

Ẹ̀rín pa wá. Akóredé ní, "Àǹtí Wùnmí, kí ni wọ́n tún ń ṣe tó ju ṣíṣubú lọ?"

"Wọ́n ń wó lulẹ̀ ni. Wíwó yàtọ̀ sí ṣíṣubú. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Àpáta?"

A rántí rẹ̀. Ta ni kò ní rántí Àpáta? Ọkùnrin àgbàlagbà tó máa ń wọ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, tí kò borí rí láti ìgbà tí a ti ń wò ó. Àwa fúnra wa la máa ń hó lé e lórí jù.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?" ni Ìbíwùnmí bèèrè.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wá sọ fún Akóredé pé kó mú fóònù rẹ̀, kó wá ìjà márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí Arógunyọ̀ ti ṣe. Akóredé kò pẹ́ rí wọn. Àkọ́kọ́, ẹni tó borí ni Mànàmáná, ẹni tó wà nílẹ̀ ni Àpáta. Ó ṣí ìkejì. Àpáta ló wà nílẹ̀. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó kàn kọjú fóònù náà sí wa. Àpáta ni. A ka ọjọ́ tó wà lára àwọn ìjà náà: oṣù méje ni ọkùnrin náà ti kúrò, oṣù méje náà gan-an sì ni Arógunyọ̀ ti ń bàjẹ́ lójú wa.

Orí mi wú. Ọdún mẹ́ta ni a fi jọ ń wo ohun kan náà, obìnrin yìí nìkan ló rí i.

Akóredé ló sọ pé kí a wá ọkùnrin náà lọ. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ìjàkadì lórí ayélujára, ẹnì kan sì sọ fún un pé ó wà ní Ìfọ̀, pé búlọ́ọ̀kù ló ń mọ. Ọjọ́ kejì Iléyá, tí ìjọba fún gbogbo ayé ní ìsinmi, Àlàájì Ṣàràfá kó wa sínú mọ́tò rẹ̀, àwa mẹ́rin. Ó gbé ẹran àgbò díndín dání nínú kúlà kan. A gba Ṣágámù, a já sí Pápáláńtó, a sì bọ́ sí Ìfọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

A bá a níbi tó ti ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tuntun. Adébánjí lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti tó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun, èjìká rẹ̀ òsì sì relẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ṣé onínṣì mẹ́fà lẹ fẹ́ ni, àbí onínṣì mẹ́sàn-án?"

Ìbíwùnmí tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ò wá ra búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin la wá kí. Láti Mówè la ti wá. Ẹ̀yin ni Àpáta."

Ọkùnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lẹ fẹ́ fi ẹni tí kò borí rí ṣe?"

"Ní ọdún méjì sẹ́yìn," ni Ìbíwùnmí dá a lóhùn, "Mànàmáná gbé yín sókè lórí okùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa forí sọlẹ̀. Ẹ yí ara yín padà lófuurufú, ẹ fi ọwọ́ òsì gbá orí ọmọ yẹn mọ́ àyà, ẹ wá fi èjìká yín gba gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn ń hó, 'Mànàmáná! Mànàmáná!' Èmi ń sunkún níbi tí mo jókòó sí."

Adébánjí rọra gbé korobá omi náà sílẹ̀.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Ọmọ yẹn gan-an ò mọ̀."

Ó wá sọ fún wa bí ó ti kúrò. Èjìká yẹn kò san tán. Ó tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọ̀gá Arógunyọ̀ ní kó lọ sinmi, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó pè é. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Akóredé kò lè mú ẹnu dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ẹ ṣubú fún wa ká rí i."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lójú ilẹ̀ kan tó le bí sìmẹ́ńtì. Kò tẹ́ nǹkan kan. Ó dúró, ó mí jáde, ó sì fi ẹ̀yìn lọ sílẹ̀.

Pá! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, bí ẹni pàtẹ́wọ́. Eruku gbéra. Kí eruku náà tó balẹ̀, ó ti dìde.

"Èémí á kọ́kọ́ jáde," ó ní. "Ẹ máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ kí ilẹ̀ kí ẹ̀yìn tó kí i. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni kí ẹ jẹ́ kí èèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín."

Ó tún ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣubú bí ọba tí wọ́n dójú tì láàrin ìlú. Ó dìde, ó ṣubú bí ẹni tí àárẹ̀ mú láti àárọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún ara rẹ̀. Ìgbà kẹrin, ó ṣubú bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Kò sọ̀rọ̀, kò sunkún, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ sílẹ̀. Mo rántí ẹnì kan tí mo ti gbàgbé láti ọdún pípẹ́, omi sì bọ́ lójú mi níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.

"Subhanallahi," ni Àlàájì Ṣàràfá ń wí ṣáá. "Subhanallahi."

Nígbà tí a jókòó ti ẹran àgbò, Akóredé bi í ní ohun tí gbogbo ayé máa ń bèèrè, pé ṣé òótọ́ ni ìjà yìí àbí irọ́.

Adébánjí nu ẹnu. "Ẹni tó máa borí, a ti fi àdéhùn sí i ká tó wọlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣàdéhùn."

Akóredé ti fi fóònù gba gbogbo ìṣubú náà sílẹ̀. Ó bẹ Adébánjí, Adébánjí sì gbà á láyè láti gbé e sórí ayélujára, Ìbíwùnmí sì fi ohùn ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, àwọn èèyàn tí a kò mọ̀ rí ní Kánò àti ní London ń kọ̀wé pé àwọn ń lọ wo àwọn ìjà àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ojú àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀gá Arógunyọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùnmí. Ọkùnrin tó ga, tó múra dáadáa, ó dúró láàrin àwọn yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé kọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tèmi.

"Mà, kí ni ká ṣe?" ó bèèrè.

Ìbíwùnmí kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. "Ẹ lọ bá a ní Ìfọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Èjìká ẹ̀ ò lè gbé ìjà mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ò sí ní èjìká. Ẹ ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ yín."

Ó lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́. Adébánjí gbà, ṣùgbọ́n ó ní ní ilẹ̀ ti òun ní Ìfọ̀ ni wọn yóò ti wá kọ́ ọ, oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó tún padà wọ inú okùn. Jamilah ló kọ́kọ́ wá. Fọláwẹ̀mí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbógun tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ló tẹ̀lé e.

Àwọn méjèèjì ló jà lọ́jọ́ tí gbọ̀ngàn Ìbàfò tún ṣí. Gbogbo wa lọ. Kò sí èéfín, kò sí iná aláràbarà. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni wọ́n fi jà, ṣùgbọ́n lójú mi, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí Jamilah ti Fọláwẹ̀mí láti orí okùn òkè, ọmọbìnrin náà ṣubú bí ẹni tí kò gbà pé ó ti parí, ó ń na ọwọ́ sí okùn náà títí ilẹ̀ fi gbà á. Pá! Ẹnikẹ́ni kò hó. Lẹ́yìn náà ni ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, àwọn èèyàn ń fò lórí àga, Akóredé káwọ́ lérí, ó ya ẹnu sílẹ̀.

Mo yíjú sí Ìbíwùnmí. Kò wo àwọn ọmọbìnrin náà. Igun gbọ̀ngàn ló ń wò, níbi tí Adébánjí dúró sí. Nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, òun náà á mí jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Bí a ti ń padà bọ̀ wá sí Mówè lọ́jọ́ náà, a kò ṣe ìdájọ́ kankan.

Nísinsìnyí, àwọn mọ́kànlá ló ń kọ́ṣẹ́ ní Ìfọ̀, láàrin búlọ́ọ̀kù. Ìbíwùnmí ló ń rán aṣọ ìjà wọn, ó sì máa ń lọ bẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ìjà Arógunyọ̀ ló dára báyìí. Ti oṣù tó kọjá kò dára rárá, Ìbíwùnmí sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá wọn. Adébánjí ní òótọ́ ló sọ, ó kó gbogbo wọn padà sórí ilẹ̀ líle, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti èémí.