Ohùn Tó Wà Nínú Ìwé Kejìlá

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ọdún yìí, mo sọ ìwé àfetígbọ́ mẹ́tàlélógún di MP3, láìku ẹyọ kan. Bí iṣẹ́ náà ti dájú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ dájú. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í jókòó hun irọ́. Ẹ fetí sí mi.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ra àwọn ìwé náà. Nígbà tí ojú ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, ó ń fara balẹ̀ yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì a sì jọ máa gbọ́ wọn nílé wọn ní Spring, ní Amẹ́ríkà níhìn-ín. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ojú Ẹ̀gbọ́n sì fọ́ tán.

Inú áàpù ilé iṣẹ́ tó ta àwọn ìwé ọ̀hún nìkan ni wọ́n ti ń ṣí, ẹni tí kò ríran kò sì lè tẹ gíláàsì fóònù bó ti yẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi bí awẹ́ obì, ṣùgbọ́n MP3 nìkan ló ń gbà. Èmi ni Ẹ̀gbọ́n bẹ̀.

N kò mọ ọgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wáyà ni mo fà láti ara fóònù sí ara kọ̀ǹpútà: ìwé ń ka ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà ń gbà á síhìn-ín. Ìwé oníwákàtí mẹ́wàá gba wákàtí mẹ́wàá gbáko. Kò sí máíkì kankan níbẹ̀. Ohùn ẹni tó wà nínú yàrá kò rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n a máa pè mí nílé mi ní Alief, ní apá kejì ìlú.

“Àbúrò, ìwé mi dà? Àbí ìwọ fúnra rẹ lò ń fẹnu kà wọ́n?”

“Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku díẹ̀.”

“Sùúrù ni mo jẹ láàárọ̀. Òun náà ni n ó jẹ lálẹ́.”

Ohun kan wà tí Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Ìyàwó wọn kì í pe orúkọ mi. Wọ́n ti bí mi kí ó tó wọ ilé wa, nítorí náà Akọ̀wé ló sọ mí, “ẹ” ló sì máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìkómọ kan, lọ́dún tí ìyàwó tèmi kó jáde, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójú àlejò: “Ìwé ti kún orí Akọ̀wé, kò sáyè ìyàwó níbẹ̀ mọ́.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó wà lórí ibùsùn ọsibítù, ó pè mí nígbà mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ń wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá ìyàwó wọn rí mi bá sọ̀rọ̀, nítorí ó ti ń wá ọ̀nà láti bẹ̀ mí. Mo ní kò pè mí rí.

Ìwé kejìlá ni. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí freeway, títì márosẹ̀ ẹ̀bá ilé mi. Ará Amẹ́ríkà tó ń kàwé náà dákẹ́ lójijì, láàárín gbólóhùn.

“Akọ̀wé,” ni ohùn kan sọ jẹ́jẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.”

Mo padà sínú áàpù: ará Amẹ́ríkà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ṣí MP3: ó wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún un gbà. Ẹ gbà mí gbọ́, ó tún sọ̀rọ̀, ní orí mìíràn.

Ìyá mi kìlọ̀ fún wa pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn. Nígbà kẹta, mo ṣe àṣìṣe náà.

“Mo ń gbọ́, Ìyàwó.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ sọ fún un.”

N kò sọ. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo gbọ́ ìwé náà látòkèdélẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo kó gbogbo wọn lọ sí Spring.

Ìwé kejìlá ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ní kí n bá àwọn ṣí. N kò bi wọ́n nídìí rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ń kàwé lọ. Ohun tí etí tèmi gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rín kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ létí.

“Àbúrò,” wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ìgbà mélòó ni ìyàwó mi pè ọ́?”

Wọ́n tún gbé etí sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

“Ó ní mẹ́fà ni.”

Wọn kò pa á. Wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi wa ọkọ̀ mi lọ. Ìwé yòókù ṣì wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń gbọ́. N kò mọ ohun tí ohùn náà ń sọ fún wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ di ẹnìkan sínú, tí ẹ ń wo fóònù títí yóò fi dákẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ kò dá lóhùn lè rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹrin ni mo fi iṣẹ́ náà lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.