Ìrẹsì Tí Kò Wọ Àpò Alága

Àwọn ọmọ Clara Dúrójaiyé ti dàgbà, wọ́n ti fi Sàríà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Shalom, láti ara orúkọ àkọ́bí rẹ̀, ni gbogbo àdúgbò Sabon Gari ṣì ń pè é. Opó òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni òun àti àwọn ìyá ìjọ ti ń se oúnjẹ Kérésìmesì fún àwọn tí kò ní. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni jáde. Abọ́ onídèérí ni wọ́n ń bu ú sí, wọ́n á sì gbé e láti ilé dé ilé, pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń gbé fún àwọn aládùúgbò wọn Mùsùlùmí, bí àwọn náà ṣe ń gbé ẹran iléyá wá. Ta ni yóò dúró lójú títì kó mọ abọ́ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí abọ́ aláìní?

Lọ́dún yìí, ìjọ fi Ọ̀gbẹ́ni Oyèdàpọ̀ ṣe alága ìtọ́jú aláìní. Olùkọ́ yunifásítì ni. Ó tẹ ọgọ́ta àpò tí àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

"Màmá Shalom, ẹ fún mi ní orúkọ wọn. Ọjọ́ Kérésìmesì, lẹ́yìn ìwàásù, a ó pè wọ́n síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ya fọ́tò."

"Orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, alága."

"Ẹ má bá mi ṣeré, màmá. Àwọn tó dáwó fẹ́ ẹ̀rí."

"Kí wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó yó."

"Ó dáa. Lọ́la ni mò ń bọ̀ wá di ìrẹsì tí wọ́n fowó náà rà sínú àpò. Ẹni tí kò bá jáde síwájú kò ní gbà."

Ó lọ. Màmá Shalom jókòó sórí àpò ìrẹsì nínú ilé ìdáná ìjọ. Tíṣà Fọláwùmí ló ń rò, tí wọn kò san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tó sì ti ń mu gààrí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ Tíṣà lọ́rùn kó febi sùn ju kó jáde síwájú àwọn ọmọ tó ti nà rí. Màmá Shalom mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún tí rélùwéè kò sanwó ọkọ rẹ̀, wọ́n pe òun náà síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á. Shalom, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò fẹnu kan ìrẹsì yẹn. Ó ti di dókítà báyìí, síbẹ̀ kì í jẹ ìrẹsì ọdún.

Ó gbàdúrà. "Olúwa, O mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ìjà. Bí irọ́ ni mo pa, dárí jì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọdá sọ́dọ̀ Hafeezat, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán.

"Yá mi ní ìkòkò iléyá yín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Haba, Màmá Shalom! Ṣé sójà lẹ fẹ́ bọ́ ni?"

"Alága àti àpò rẹ̀ ni mo fẹ́ sáré ṣáájú."

Hafeezat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé ìkòkò wá, ó sì dúró ti iná.

Nígbà tí alága fi máa gbé àpò rẹ̀ dé ní ọ̀sán, kò sí hóró ìrẹsì tútù kan nílẹ̀.

"Kí lẹ ṣe yìí? Kérésìmesì ku ọ̀la!"

"Ebi kì í wo kàlẹ́ńdà, alága. Ó ti jinná. Ẹ da ọbẹ̀ sínú àpò yín ká wò ó."

"Màá sọ fún pásítọ̀! Wọ́n á yọ yín nípò!"

"Kí wọ́n yọ mí. Ẹ bá mi mú abọ́ pásítọ̀ dání bí ẹ bá ń lọ, kó má tutù."

Àwọn ìyá ìjọ dojú kọlẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú gbé abọ́ tirẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí títì.

Màmá Shalom fúnra rẹ̀ ló gbé ti Tíṣà Fọláwùmí lọ sí ìhà Wusasa. Àwọn aládùúgbò jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Tíṣà ṣí ìdérí díẹ̀, ó fimú fa òórùn ọbẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Clara! Ṣé iyọ̀ èyí kò pọ̀ bíi ti èṣí?"

"Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún mi ní máàkì, Tíṣà."

"Jókòó níbẹ̀ yẹn," ni Tíṣà wí, ó sì wọlé lọ mú ṣíbí wá.