Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Mo Fi Sá fún Omi

Ọkọ̀ ojú omi wa dojú dé lójú ọ̀nà Òde Mahin. Mo di kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan mú, mo sì yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo di ọ̀mọ̀wé.

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa ń wá akọ̀wé tí yóò máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, torí n kò lọ pẹja mọ́. Ẹja yíyan ìyàwó mi nìkan là ń jẹ là ń tà. Àmọ́ Òde Mahin ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ náà, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbéni débẹ̀.

Mo bá ra ìwé kan tó ń ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó jọra. Kí Ọlọ́run bá wa bù kún Òyìnbó! Wọ́n kọ quiet fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n tún kọ quite fún pátápátá, kí irú mi lè rí ohun ṣe nílé. Ìdánwò àkọ́kọ́ kọjá, n kò lọ: mo ní n kò tíì mọ lose, kí nǹkan sọ nù, yàtọ̀ sí loose, kí okùn dẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn, mo ní ó ku stationery, ìwé àti gègé, àti stationary, ohun tó dúró sójú kan.

Ìyàwó mi ń yí ẹja lórí iná. “Bàbá ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ẹ̀yin gan-an kọ́ nìyẹn? Ẹja tí mo ń yí yìí ń rìn jù yín lọ. Ẹ sọ pé ẹ̀rù omi ń bà yín.”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi ọmọ Ìlàjẹ?”

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Ìlàjẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì léra, ó lọ sí èbúté.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi bá ti dà nù rí, wọn kì í jẹ́ kó jókòó lásán nígbà tó bá kọ́kọ́ padà wọkọ̀. Àárín ni wọ́n ń fi í sí, wọn á fún un ní kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì kó máa fi gbọ́n omi inú ọkọ̀. Ẹni tó ń gbọ́n omi kì í ráyè wo omi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà, ẹ máa gbọ́n,” ni ọlọ́kọ̀ wí.

“Kò kúkú sómi nínú ọkọ̀.”

Ó bu omi odò, ó dà á síbi ẹsẹ̀ mi. “Ó ti wà báyìí.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́n, ó ń bù ú padà, títí a fi gúnlẹ̀.

Ìdánwò náà? Orúkọ ọmọdé ni wọ́n ní ká kọ, ká má ṣe àṣìkọ. Wọ́n gbà mí. Ìgbà náà ni ọ̀gá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé akọ̀wé á máa wọkọ̀ ojú omi tẹ̀lé abẹ́rẹ́ káàkiri àwọn abúlé Etikan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ní, “Ṣé àwọn ìyá ọmọ ò lè gbé wọn wá bá wa ni, sà?”

Ó wo láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì tó ṣì wà lọ́rùn mi. “Bí omi bá ń ba àwọn náà lẹ́rù ńkọ́?”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní bírò. Mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà.